Ẹni Tí Bàbá Aláago Ń Ṣọ́

Àwọn àgbà ní bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun nínú rẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà náà kò sọ fún wa ohun tó yẹ ká ṣe bí eèrà bá gbójú sókè, tó rí i pé a ń wo òun. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dúró lé.

Atúnaagoṣe kan wà tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọmọ náà kàwé, ó kà á kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn kà á dé. Nígbà tó parí, bàbá bi í pé iṣẹ́ wo ló wá fẹ́ ṣe. Ó ní òun fẹ́ máa ṣèwádìí ìwà ẹyẹ. Bàbá ń tú aago ọwọ́ kan lọ́wọ́ nígbà náà, awò kékeré olójú kan tó fi ń rí inú aago sì wà lójú rẹ̀. Ó gbé awò náà sókè síwájú orí, ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ẹyẹ ń hùwà?"

"Ẹ̀gà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá."

"Ẹ̀gà! Ẹ̀gà tó ń pariwo lórí igi látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ṣé ẹjọ́ tí wọ́n ń rò yẹn lo fẹ́ bá wọn dá ni?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Ìyá Ẹ̀gà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ẹ̀fẹ̀ ò pọ̀ nílé wọn mọ́, kí n má parọ́. Ọdún mẹ́fà ni ìyá ọmọ náà ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló ń gbé pọ̀, aago mẹ́tàdínlógún ló sì wà lára ògiri. Bí ẹ bá wọlé tọ̀ wọ́n, ohùn aago lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ẹ lè jókòó títí kẹ́ ẹ má gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ibi iṣẹ́ Ìyá Ẹ̀gà wà lẹ́yìn odò, lábẹ́ igi ńlá kan tí ìtẹ́ ẹ̀gà bí ọgọ́rin so rọ̀ sí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tuntun kan, torí ó fẹ́ kí ọjọ́ náà dára. Bó ṣe yọ sí igi báyìí, gbogbo ẹ̀gà pa lọ́lọ́. Igi tó ń ké bí ọjà di igi tó dákẹ́ bí ilé ẹjọ́ tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀.

Ni ọkùnrin kan bá dìde láàárín koríko. Kò dìde bí èèyàn ṣe ń dìde. Ó yọ́ dìde díẹ̀díẹ̀, orí, èjìká, ìbàdí, débi pé kò sí ẹyẹ kan tó fò. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú. Ẹ̀wù yín yìí ni."

"Kí ló ṣe ẹ̀wù mi?"

"Ó ń pariwo."

Ìyá Ẹ̀gà fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló ń pa á. Ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù kakí tó wọ̀ sórí síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó nà án sí i. "Ó ń rùn díẹ̀ o," ló wí. Ó sì ń rùn lóòótọ́.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó tún ń béèrè ìdí. Òun ló kọ́ ọ ní òfin tó ga jù nínú iṣẹ́ wọn. "Ẹranko tó bá ti mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun, ìwà àlejò ló máa hù sí ẹ. Gbogbo ohun tó o bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, dà á nù. Jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé ẹ."

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń gbàgbé èèyàn?"

"Ó kù sọ́wọ́ èèyàn náà."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbàgbé Ìyá Ẹ̀gà. Ní ọjọ́ kejìlá, akọ kan já imọ̀ ọ̀pẹ tín-ínrín wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún níwájú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó hun ún tán, ó gbé orí kọ́ sísàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ń gbọn ìyẹ́. Abo kan bà. Ó wọlé. Ó fi ẹnu fa okùn kan, ó fa òmíràn, ó jáde, ó fò lọ. Akọ náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ilé náà palẹ̀, okùn kan lẹ́yìn òmíràn.

Ara Ìyá Ẹ̀gà bù máṣọ. Kí ni abo yẹn rí? Kí ló ń wò gan-an? Ilé náà kò jò, kò ya, kò yẹ̀. Ìbéèrè yìí ló gbé lọ sílé, òun ló gbé sùn, òun ló gbé padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì gbé e fún oṣù mẹ́jọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyí: èèyàn méjì á wo ìtẹ́ kan náà, ọ̀kan níhà ìlà oòrùn, ọ̀kan níhà ìwọ̀ oòrùn. Wọn kò gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kálukú á kọ ohun tó rí àti àkókò tó rí i sínú ìwé tirẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbé ìwé méjèèjì fún ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ kì í kúrò ní ṣóńṣó imú, á sì fi wọ́n wé ara wọn. Bí méjèèjì bá jọra, a jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n kọ.

Ní oṣù kẹta, ọ̀gá pe àwọn méjèèjì sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, ní aago mẹ́ta sí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kejì ẹ kọ ọ́ pé abo wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ ò kọ nǹkan kan. Ọjọ́rú, ohun kan náà. Ṣé oorun gbé ẹ lọ ni?"

"Rárá, mà."

"Oòrùn wọ̀ ẹ́ lójú?"

"Rárá, mà."

"Kí lò ń wò nígbà yẹn?"

Jẹ́jẹ́ tẹ ojú mọ́ bàtà rẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó wo Ìyá Ẹ̀gà, ó tún wò ó. Ó ṣí ojú ewé mìíràn. "Ó dáa. Láti ọ̀la, ìwọ lọ jókòó síwájú, kí òun bọ́ sẹ́yìn ẹ. Kó o lè máa rí ẹyẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìwé Jẹ́jẹ́ pé pérépéré. Ti Ìyá Ẹ̀gà ló wá ní ihò, torí ẹ̀yìn ọrùn Jẹ́jẹ́ ló wà láàárín òun àti igi. Ọ̀gá fi ìwé méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa lọ, ẹ lọ bá ara yín sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ lè jẹ́ kí iṣẹ́ òun lọ.

Wọ́n bá ara wọn sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, bí iṣẹ́ bá ti parí, Ìyá Ẹ̀gà á gba òpópónà tí Jẹ́jẹ́ ń gbé kọjá, wọ́n á jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa jiyàn lórí ohun tí abo ń wò. Jẹ́jẹ́ ní bí wọ́n ṣe hun ìtẹ́ náà dì tó ni. Ìyá Ẹ̀gà ní rárá, ibi tí ìtẹ́ so sí ni. Àríyànjiyàn náà dùn mọ́ wọn débi pé kò sí ẹni tó fẹ́ borí.

Òjò ọdún náà ń parí lọ nígbà tí Jẹ́jẹ́ yọ lẹ́tà kan jáde nínú àpò. Owó ìwádìí ẹ̀gà ti fẹ́ tán. Igbó ńlá kan wà, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta síbẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ìnàkí. Wọ́n fẹ́ èèyàn méjì fún ọdún mẹ́ta.

"Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan tó lè jókòó jẹ́ẹ́ wá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Àmọ́ kì í ṣe torí ìnàkí ni mo fi ń bi ẹ́ o."

"Torí kí ni?"

"Ṣé kí n sọ ọ́?"

"Sọ ọ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Mo fẹ́ fi ẹ́ ṣaya. Kọ àkókò sí i."

Ìyá Ẹ̀gà ò kọ nǹkan kan, ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní, "Bí Bàbá ò bá fọwọ́ sí i, mi ò lọ. Èmi nìkan ló kù sí i lọ́wọ́." Oṣù kan àtààbọ̀ ni wọ́n ní láti fi dáhùn lẹ́tà náà.

Jẹ́jẹ́ lọ kí Bàbá Aláago ní ọjọ́ Àìkú. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n fún un ní àga.

"Ilé rẹ ńkọ́?" ni bàbá bi í.

"Yàrá kan ni mo háyà, sà."

"Lẹ́yìn ẹ̀gà, kí ló kàn?"

"Ìnàkí, sà."

"Lẹ́yìn ìnàkí?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, Jẹ́jẹ́ ṣe ohun tí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe: ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò. Kò mira. Aago mẹ́tàdínlógún ń dún. Ó wo bàbá, bàbá wò ó, títí bàbá fi dìde tó wọ yàrá lọ.

"Mi ò fi ọmọ mi fún un," ló wí lẹ́yìn tí àlejò lọ. "Ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta! Ó tún jókòó síbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ yé ẹyin!"

Ìyá Ẹ̀gà sunkún. Ó wá sáré lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, obìnrin tó ti ń gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, tí kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá sílé wọn lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Ẹ̀gà gbọ́ díẹ̀ láti ìdí fèrèsé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ̀ṣẹ̀ ọmọkùnrin yẹn? Ṣó ń mutí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣó ń jalè?"

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ní kò dáa. Ká ní ó ń ta kítí bí ewúrẹ́, ẹ ò ní sọ pé kò ní làákàyè?"

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. Nígbà tí Àǹtí jáde, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ó ní ká fún òun ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Nínú ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, Bàbá Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun atúnbàtàṣe. Ìyá Ẹ̀gà ò bi í ní nǹkan kan, ìdààmú ọkàn tirẹ̀ ti tó o.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, bàbá pè é, ó fi ìwé àkọsílẹ̀ pélébé kan lé e lọ́wọ́. "Bí ìwà bá ṣeé wò lára ẹyẹ, ó ṣeé wò lára èèyàn. Mo ti wò ó. Mo gbà. Ẹ máa múra."

Ọmọ náà fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì wọ yàrá lọ láti ka ìwé náà. Bó ṣe ń kà á ni ẹ̀rín ń kúrò lójú rẹ̀.

Bàbá jókòó sí ìsọ̀ atúnbàtàṣe tó wà ní òdìkejì ilé Jẹ́jẹ́, ó kọ ohun tó rí. Ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú: ó gbá ojú ọ̀nà, ó gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹrin: ó bá ìyá arúgbó kan gbé omi. Ọjọ́ karùn-ún: ó gbá ojú ọ̀nà. Ọjọ́ kẹjọ: ó kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé òpin. Jẹ́jẹ́ tí Ìyá Ẹ̀gà mọ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ ò rí ìta rí. Ó tún un kà, ó ń wá ohun kan, kò sì rí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ọkùnrin yìí kò yán lẹ́ẹ̀kan, kò họ ara lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹ̀dá alààyè tí kì í họra. Ẹ̀gà pàápàá ń họra.

Ó lọ bá Jẹ́jẹ́. "Ṣé o mọ̀ pé Bàbá ń wò ẹ́?"

Jẹ́jẹ́ wo òdìkejì ọ̀nà. "Awò ojú kan tó fi ń tún aago ṣe," ló wí. "Ó gbàgbé rẹ̀ síwájú orí. Ní ọjọ́ kejì, oòrùn kàn án, ó kọ mọ̀nà láàárín bàtà. Mo rí i."

"O ò sì sọ fún mi!"

"Ká ní mo sọ fún ẹ, wàá ní ká da ìwé náà nù."

Òótọ́ ni, ohun tó sì ń dùn ún nìyẹn. Ó rìn káàkiri ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ń jà nínú rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó ti rí ọkọ, ó ti rí igbó, ó ti rí ìbùkún bàbá. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n òun á mọ̀. Bàbá rẹ̀ fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lélẹ̀ nítorí ìwé tí kò ní òótọ́ nínú. Bó bá jẹ́ ẹyẹ ni, òun ì bá ti fa ojú ewé náà ya. Ṣé bàbá òun wá kéré sí ẹyẹ ni?

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá tẹ̀ mọ́ aago ògiri kan, awò wà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ìwé yìí kò dára." Ó nà án sí i. "Ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ó rí awò yín. Ìwà àlejò ló ń hù sí yín láti ọjọ́ kejì. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gbà. Bẹ́ ẹ bá máa kọ̀, ẹ kọ̀, mi ò ní lọ."

Bàbá Aláago ò gbójú sókè. Ó yí ìdè kékeré kan, ó tún un yí. Ni èjìká rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Ṣé ẹni tó ń gbá ojú ọ̀nà ẹlòmíì lójoojúmọ́ wà láyé? Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Mo ń kọ tiẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ń gbá má baà já sí asán ni." Ó gbé awò sókè síwájú orí. "Ìyá Ẹ̀gà, ta ló sọ fún ẹ pé òun ni mò ń wò? Yí ìwé yẹn padà."

Ó yí i padà. Láti ẹ̀yìn ìwé náà, bàbá ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí pẹ́ńsù kọ, ó kún dé àárín.

*Ọjọ́ kìíní. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ mi dé. Ó kọjá níwájú mi, kò rí mi. Ó ń súfèé.*

*Ọjọ́ kẹta. Ó rẹ́rìn-ín ní ìgbà mẹ́rin. Ọ̀kan jọ ti ìyá rẹ̀.*

*Ọjọ́ keje. Wọ́n ń jà. Ọmọ mi pariwo. Mi ò mọ̀ pé ó ní ohùn tó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.*

*Ọjọ́ kẹsàn-án. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà, ó ń họ orí, ó ń rojọ́ láì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta. Nílé, kì í bá mi sọ tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan.*

*Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó tún kọjá níwájú mi. Títí dòní kò rí mi. Ara rẹ̀ balẹ̀.*

Ìyá Ẹ̀gà, tó máa ń rí òrùka pupa tí wọ́n fi sàmì sẹ́sẹ̀ ẹyẹ láti òdìkejì odò, ti kọjá níwájú bàbá tó bí i ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fèrèsé yàrá Jẹ́jẹ́ lókè ló ń wò.

"Ìwọ ló sọ ọ́ nílé yìí," ni bàbá wí. "O ní ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, tirẹ̀ ló ṣeé gbà gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ọmọkùnrin yẹn á gbé ẹ lọ síbi tó jìnnà. Ìgbà tí mo rí ẹ níbẹ̀ ni mo mọ̀ pé inú ilé yìí lo ti jìnnà sí mi, láti ọjọ́ tí ìyá ẹ ti lọ. Èmi náà jìnnà. Mo ń tún aago ṣe."

Omi bọ́ lójú ọmọ náà sórí ìwé. Ó nù ún kíákíá kí pẹ́ńsù má baà parẹ́. "Bí mo bá lọ, ta ló máa máa wò yín?"

"Àwọn mẹ́tàdínlógún tó wà lára ògiri yẹn ńkọ́? Wọn kì í gbójú kúrò lára mi."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ìyá Ẹ̀gà nínú ẹkún, ẹ̀rín tó lọ sókè tó kan àjà ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá Aláago nawọ́, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsù tó há sẹ́yìn etí, ó wo aago tó sún mọ́ ọn jù, ó sì kọ ẹ̀rín náà sílẹ̀.